Bí ẹ ṣe máa to kíbọ́ọ̀dù POS ṣọ́ọ̀bù yín kó má baà dà yín láàmú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe POS tí wọ́n fi ń yọwó fún èèyàn létí títì ni mò ń sọ o, kíbọ́ọ̀dù tí kásìyà ń tẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà ni, èyí tó ní bọ́tìnì òfìfo téèyàn lè fúnra ẹ̀ yan iṣẹ́ fún. Ẹ tẹ bọ́tìnì kan, òun á bá yín tẹ nọ́ńbà mẹ́rin àti Enter, bíi pé ọwọ́ yín ló tẹ̀ ẹ́. Kò jùyẹn lọ.

Kẹ́ ẹ tó fi kan kọ̀ǹpútà rárá, ẹ mú bébà, ẹ kọ àwọn ọjà tí ò ní bákóòdù sílẹ̀, búrẹ́dì, ẹyin ẹlẹ́yọ, bàágì píọ̀ wọ́tà, gàárì kóńgò kan, torí àwọn yẹn ló ń jẹ́ kí èrò tò pẹ́, èyí tó ní bákóòdù, sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka bákóòdù, á gbà á. Èyí tó ń tà jù, ibi tọ́wọ́ ti ń tètè dé ni kó wà. Bọ́tìnì tó ń yọ ọjà kúrò nínú risíìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jìnnà sí èyí tí wọ́n fi ń gbowó, torí tí èrò bá pọ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé ọwọ́ á ṣèèṣì bá a.

Ibi tó ti dùn mí jù nìyí: iye owó ni mo kọ́kọ́ fi sínú bọ́tìnì. Búrẹ́dì wọ́n, mi ò sí nílé, àwọn ọmọ tó ń bá mi tajà tà á níye àtijọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko. Kódù ọjà, ìyẹn nọ́ńbà tí sọ́fúwíà fi ń dá ọjà mọ̀, ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, ká ní 1001 fún búrẹ́dì, kí owó wà nínú sọ́fúwíà tẹ́ ẹ fi ń tajà, tí ọjà bá gbówó lórí, ibì kan ṣoṣo lẹ máa tún ṣe.

Ìyẹn tán, ẹ ki USB ẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, Windows á gbà á bíi kíbọ́ọ̀dù lásán. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lè fi kódù sí i, sọ́fúwíà iléeṣẹ́ tó ṣe é lẹ máa wá, ti Cherry ń jẹ́ Cherry Designer, ti PrehKeyTec ń jẹ́ WinProgrammer. Ẹ kílíìkì bọ́tìnì nínú àwòrán tó bá jáde, ẹ tẹ kódù, ẹ fi Enter sí ìdí ẹ̀, ẹ wá fi ránṣẹ́ sínú kíbọ́ọ̀dù. Inú mẹ́mọ́rì ẹ̀ ló ń wà, kò sí báná ṣe lọ tó, kò ní pa rẹ́, kódà tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà míì. Ẹ ṣáà tọ́jú fáìlì ẹ̀ sórí fláàṣì.

Tẹ́ ẹ bá ń tẹ kódù náà, nọ́ńbà tó wà lókè àwọn lẹ́tà ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ti apá ọ̀tún, torí tí Num Lock, bọ́tìnì tó ń tan nọ́ńbà apá ọ̀tún, bá ti kú, kọ́sọ̀, ìlà tó ń ṣẹ́jú níbi téèyàn ń kọ̀wé sí, á kàn máa sáré kiri ni.

Notepad, ibi ìkọ̀wé inú Windows, lẹ máa fi dán an wò, gbogbo bọ́tìnì níkọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí " níbi tó yẹ kí @ wà, kò bàjẹ́ o, ètò kíbọ́ọ̀dù ti Amẹ́ríkà lẹ fi kọ ọ́, Windows yín wà ní ti ìlú Ọba, ẹ mú méjèèjì bára mu.

Ìgbà yẹn lẹ tó máa kọ orúkọ ọjà sí bébà kéékèèké, kẹ́ ẹ fi sábẹ́ ike tó mọ́ gaara lórí bọ́tìnì. Èmi fi àwọ̀ yà wọ́n, oúnjẹ yẹ́lò, ohun mímu búlúù, owó gbígbà nìkan ni mo fi pupa sí.