Ilé Oko Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Okun: Ohun Tí Kò Yẹ Kí Olùrà Ṣe

Ilé amọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn, àgbàlá láàárín, páànù tó ti dípẹtà, oko kofí tàbí kajú tó ti ń di igbó yí i ká. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ilẹ̀ Okun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kábà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, òmíràn sì ti wà lọ́jà. Ẹni tó ń tà á sábà máa ń jẹ́ ọmọ tó ti fi Àbújá tàbí Èkó ṣe ilé. Ẹni tó fẹ́ rà á lè jẹ́ ọmọ Okun bíi tirẹ̀, tó ń wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì sí. Ó wù mí gan-an kí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí ẹni gbà á là, nítorí bí a bá fi í sílẹ̀, òjò ni yóò jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà tó ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù: olùrà ń wo ògiri, kò wo ẹbí.

Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kọ́ ló ni ilé

Bàbá tó kọ́ ilé ti kú, kò sì ṣe ìwé ìhágún. Láti ọjọ́ náà ni ilé àti oko ti di ohun ìní ẹbí. Gbogbo ọmọ ló ni ín pa pọ̀, kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí yàrá kan pé tòun nìyí, kí ó sì tà á. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò mú kọ́kọ́rọ́ wá, yóò ní àwọn àbúrò òun ti fọwọ́ sí i lórí fóònù, olùrà yóò sì sanwó sí àkáǹtì ẹni náà nìkan.

Ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ kò fara sin. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, lójú òfin kò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi ti àwọn àgbà ẹbí yòókù ṣe, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì ní kí wọ́n fagi lé e. Bí olórí ẹbí bá sì tà á bí ẹni pé ohun ìní tirẹ̀ ni, òfo ni títà náà. Ẹ̀yin tó fẹ́ rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kan ṣoṣo hàn yín pé òun ni ẹbí.

Ta wá ni àgbà ẹbí? Bí bàbá bá ní ìyàwó ju ẹyọ kan lọ, ìdí igi ni a máa ń wò: àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí igi kan. Ìdí igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tó fọwọ́ sí ìwé fún un, ẹni tí àwọn fúnra wọn yàn. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń fo àwọn obìnrin dá. Wọ́n á ní, "Ó ti lọ sílé ọkọ." Ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọkọ tó fẹ́ kò gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Òun gan-an lè jẹ́ àgbà ìdí igi tirẹ̀. Bí ìwé kò bá ní orúkọ obìnrin kankan, tí ẹ sì mọ̀ pé bàbá bí obìnrin, ẹ dá owó dúró.

Ẹ jẹ́ kí ìpàdé wáyé nínú ilé náà, lójú ẹbí, kì í ṣe ní ọ́fíìsì ajẹ́ńtì ní Lọ́kọ́ja. Àsìkò Kérésì àti Ọdún Àjíǹde dára púpọ̀, nítorí àwọn ọmọ Okun máa ń wálé nígbà náà. Ẹ pe báálẹ̀ tàbí aṣojú ọba, ẹ pe àwọn tí oko wọn bá oko náà pààlà. Bí ìyá àgbà kan kò bá lè ka ìwé, kí wọ́n kà á sí i létí ní èdè tó gbọ́, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé a kà á, ó yé e, kó tó tẹ̀ka. Ìwé tí a kò ṣe báyìí fún ẹni tí kò mọ̀ọ́kà rọrùn láti dojú dé ní kóòtù.

Ìbéèrè mìíràn tí kò yẹ kó bọ́ sọ́nù: báwo ni oko yìí ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á? Ó lè jẹ́ pé wọ́n fi dógò fún bàbá rẹ̀ ni. Ẹni tí a fi oko dógò fún lè ti kọ́ ilé síbẹ̀, ó lè ti gbin kòkó, ó lè ti lo ogójì ọdún. Dógò ṣì ni. Nínú àṣà wa àti ní kóòtù, ọjọ́ tí ọmọ onílẹ̀ bá gbé owó wá ni yóò gba oko rẹ̀ padà. Bákan náà ni ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀: àyálò ló ń jẹ, kò lè tà á fún yín. Àwọn àgbà tí wọ́n bá oko náà pààlà mọ èyí ju ìwé kankan lọ. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó bi lọ́yà.

Ilẹ̀, ààlà, àti igi tó wà lórí rẹ̀

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ṣì ni ó wà lórí gbogbo ilẹ̀ wa. Abala 21 rẹ̀ sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda ìjọba ìbílẹ̀. Abala 36, tó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí kò sí láàárín ìgboro, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó fòfin de pípín irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, ó sì ní ìwé tí a bá fi gbé e fún ẹlòmíràn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó ń gé oko àtijọ́ wẹ́wẹ́ tà fún àwọn ará Àbújá kì í dárúkọ abala yìí. Ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin ilẹ̀, ẹ ní kó ka abala méjèèjì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilé tiyín gan-an, kí ó sì sọ ọ̀nà tó bófin mu fún yín, kí kọ́bọ̀ kan tó jáde. Bí Yàgbà ni ilé wà, ẹ béèrè bóyá Ìsánlú ni ẹ ó lọ tàbí Òdò-Ẹ̀rẹ̀, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ Yàgbà jẹ́ méjì.

Ẹlòmíràn yóò sọ fún yín pé ilẹ̀ náà "gba igba ebè lọ́nà ogún." Ebè kì í ṣe ìwọ̀n tí ẹ lè gbé lọ sí kóòtù. Ẹ mú sọfíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn alábàápààlà rìn ín pẹ̀lú rẹ̀ láti pèrègún kan dé èkejì. Pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀, ó sì ń sọ òtítọ́ nígbà tí ènìyàn ń purọ́.

Ẹ tún béèrè nípa igi. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè má ni igi orí rẹ̀. Ọ̀pẹ, igbá (igi irú), kòkó, kofí, kajú lè jẹ́ ti ẹlòmíràn tó gbìn ín tàbí tó jogún rẹ̀. Bí ìwé bá dákẹ́ lórí igi, ẹ ó bá obìnrin kan lábẹ́ igi igbá yín ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ni yóò sì jàre.

Ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè

"Ilé yìí ti lé ní igba ọdún" jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń gbówó lórí. Ẹ rántí ìtàn ilẹ̀ wa. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bídà ń kó wa lẹ́rú, ọ̀pọ̀ ìlú sì sá gun orí òkè. Ọdún 1897 ni Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹ̀bá ọ̀nà. Nítorí náà, ilé tó dúró gbagidi lẹ́bàá ọ̀nà mọ́tò, ó ṣeé ṣe jù pé ẹ̀yìn 1900 ni wọ́n kọ́ ọ. Èyí kò bu ilé náà kù. Ilé tí àgbẹ̀ kan fi owó kofí kọ́ nígbà ogun Hítílà ní ìtàn tó yẹ kí a dá sí, kò nílò irọ́. Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ, ẹ béèrè bóyá koríko ni wọ́n kọ́kọ́ fi bò ó tàbí páànù, kí ẹ sì san iye tó tọ́ sí ìdáhùn náà.

Àwọn tó sùn nínú ilé

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ojú oórì wà ní pálọ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí lẹ́yìnkùlé. Omíràn kò ní àmì, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́ ìpìlẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Ẹ ní kí ẹbí fi ibi tí òkú kọ̀ọ̀kan wà hàn yín, kí sọfíyọ̀ fi àmì sí i lórí àwòrán ilẹ̀, kí ìwé sì sọ ìgbà tí àwọn ọmọ lè wá síbẹ̀ àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gbé pẹ̀lú oórì ẹlòmíràn, kí ó wá ilẹ̀ òfìfo rà. Kíkó egungun bàbá olóko síta lẹ́yìn tí a ti gba ilé rẹ̀ jẹ́ ìwà tí ń bà mí lọ́kàn jẹ́.

Símẹ́ǹtì lórí amọ̀

Ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ọbájànà kò jìnnà sí wa, símẹ́ǹtì sì ni ohun tí bíríkìlà kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. Ohun tó ń pa ilé amọ̀ jù nìyẹn. Ògiri amọ̀ ń fa omi láti ilẹ̀ ní ìgbà òjò, ó sì ń tú u jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lóde àti nínú, omi wọlé, kò rọ́nà jáde. Amọ̀ yóò máa rọ̀ lẹ́yìn símẹ́ǹtì láìsí ẹni tó mọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, símẹ́ǹtì yóò là, yóò já lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, wọn yóò sì ní, "Ẹ ò rí i pé ilé amọ̀ kò dára?" Ilé tó ti rí òjò ọgọ́ta ọdún, símẹ́ǹtì ló pa á.

Irú erùpẹ̀ tí wọ́n fi mọ ògiri ni kí ẹ fi tún un ṣe. Ẹ pò ó pẹ̀lú koríko gígé, ẹ jẹ́ kó jinná, ẹ fi dí ibi tó là, ẹ sì tún un rẹ́. Àwọn ìyá wa máa ń fi ẹlẹ́bọ́tọ rẹ́ ilẹ̀ àti ògiri títí yóò fi dán. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣì wà, ẹ wá wọn rí kí wọ́n tó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri, nítorí ibẹ̀ ni òjò tó ń ta láti ilẹ̀ ti ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, ẹ la ojú àgbàrá kúrò nídìí ilé, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wa erùpẹ̀ nítòsí ìpìlẹ̀.

Ní ti igi òrùlé, ẹ fi ọ̀bẹ gún un. Ìrókò àti àyin máa ń bá ikán jà fún ọdún púpọ̀, igi yẹpẹrẹ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tí owó kò sí ni ikán ti sọ di ìyẹ̀fun. Kò yẹ kí ẹ rí ilé náà ní ọyẹ́ nìkan. Ẹ lọ ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rọ̀ gidigidi: ẹ ó rí ibi tí ó ń jò, ẹ ó sì rí i bóyá mọ́tò ń dé ibẹ̀. Ẹ bá àwọn ọdẹ àti fijilanté sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ajínigbé ti da àwọn oko wa láàmú, ilé tí gbogbo aládùúgbò ti sá kúrò nítòsí rẹ̀ kò ṣeé gbé báyìí, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ilẹ̀kùn àti òpó

Bí ẹ bá bá ilẹ̀kùn tàbí òpó tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára nínú ilé náà, ẹ má tà á, ẹ má sì jẹ́ kí oníṣòwò ọnà kankan tú u kúrò. Òfin Àjọ Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ti ọdún 1979 dárúkọ òpó ilé àti ilẹ̀kùn pàápàá. Bí wọ́n bá ṣe é kí ọdún 1918 tó dé, tàbí bí wọ́n bá ti lò ó rí fún ètò ìbílẹ̀, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ẹni tí àjọ náà fún ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè rà á, kò sì gbọ́dọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìsí ìyọ̀ǹda. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kí ẹbí kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wà lára ohun tí ẹ bá nínú ilé, kí ẹ sì mú fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà ní Lọ́kọ́ja kí káfíńtà tó fọwọ́ kàn án.