Bí Ẹ Ṣe Lè Dènà Jíjí Oògùn Apàrora Líle ní Tíátà

Ọ̀pọ̀ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ló ń ti kọ́bọ́ọ̀dù DDA (ti oògùn líle tí òfin ń ṣọ́) tí mọfíìnì àti pethidine wà pa dáadáa, àmọ́ síríńjì tí wọ́n ti fa fentanyl, apàrora líle mìíràn, sí á wà lórí tábìlì láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ibẹ̀ ni olè ti ń rí àyè. Ní Colorado, l'Amẹ́ríkà, Kristen Parker, òṣìṣẹ́ tíátà tó ní kòkòrò hepatitis C lára, ń jí irú síríńjì bẹ́ẹ̀ gún ara rẹ̀, ó sì ń fi èyí tó ti lò, tó rọ omi iyọ̀ sí, rọ́pò. Àwọn tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ kó àrùn ẹ̀dọ̀. Lọ́dún 2010, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 30.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́kọ́rọ́. Àpò nọ́ọ̀sì tó ń darí iṣẹ́ ni kó máa wà, kì í ṣe orí ìṣó. Bí wọ́n bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí ẹni méjì ka ámpùlù (ìgò oògùn kékeré) ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi wé ìwé DDA, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ iye oògùn náà sí. Páálí tí wọ́n ti ṣí, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ tú u kà.

Ẹ má fa oògùn títí aláìsàn yóò fi dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó fà á ni kó lẹ orúkọ oògùn, ìwọ̀n àti aago mọ́ síríńjì, kó má sì kúrò lójú rẹ̀.

Èyí tó ṣẹ́ kù gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní ámpùlù pethidine jẹ́ 100 mg, dókítà sì lo 75. 25 tó kù ńkọ́? Níbi púpọ̀, ẹlẹ́rìí á kàn buwọ́ lùwé nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kò rí nǹkan kan. Irú ẹlẹ́rìí wo nìyẹn? Kó dúró, kó wo ìlà tí oògùn dé lára síríńjì, kó rí i bí wọ́n ṣe tú u sórí gọ́ọ̀sì nínú àpótí abẹ́rẹ́, kó tó buwọ́ lù ú. Èyí tí wọ́n fà, èyí tí wọ́n lò, èyí tí wọ́n dà nù, gbogbo rẹ̀ ni kó wọ ìwé lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í kọ, kí wọ́n fa ìlà kan lé e, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Tipp-Ex kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Kí apoògùn má ṣe fúnni ní tuntun láìgba òfìfo ámpùlù. Kó sì máa fi ìwé DDA wé fáìlì àwọn aláìsàn mélòó kan lóòrèkóòrè. Ẹ fura bí ìwé bá ní aláìsàn gba oògùn tó pọ̀ tó, tó sì jí pẹ̀lú igbe ìrora. Tàbí bí ámpùlù bá ń fọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún láìpariwo: oògùn lè ti di bárakú fún un, kó nílò ìtọ́jú.

Bí iye bá dín, kí ẹnikẹ́ni má kúrò ní tíátà. Ẹ tún un kà, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ pe apoògùn àti olórí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe tún ìwé kọ kó lè bá kọ́bọ́ọ̀dù mu.