Ajá Tó Ń Gbó Àlejò: Bí A Ṣe Ń Fi Ẹran Pa Ẹ̀rù Rẹ̀

Ajá tó ń fa okùn já, tó ń gbó ẹni tí kò mọ̀ rí bíi pé yóò fà á ya, ẹ̀rù ló sábà máa ń bà á. Ó gbó, ẹni náà kọjá lọ. Lójú tirẹ̀, gbígbó òun ló lé e. Bí ẹ bá nà án, ó lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ò lọ ibì kan. Ohun tó kọ́ ni pé bí àlejò bá yọ, ẹgba ń bọ̀. Ajá tí wọ́n sì ti nà títí tí kò fi kùn mọ́, òun ló lè buni jẹ láìkìlọ̀.

Ohun tí a ń wá ni kí ojú àlejò di àmì ẹran. Ivan Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, ti fi hàn pé ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan lójú ajá lè máa mú itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti ń ṣáájú oúnjẹ. Ní 1924, Mary Cover Jones, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin kan tó ń sá fún ehoro: bí ọmọ náà ṣe ń jẹ ohun tó fẹ́ràn ni wọ́n ń gbé ehoro sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ń fọwọ́ pa á lára. Ọgbọ́n kan náà la fẹ́ lò.

Bí ìwà ajá bá ṣàdédé yí padà, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Etí tó ń ro ó tàbí oríkèé tó ń dùn ún, ẹran adìẹ ò lè wo ìyẹn.

Ẹran adìẹ bíbọ̀ dára, láìsí eegun, iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà, bí ọgbọ̀n ẹyọ tàbí ogójì, kí ẹ sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù lọ́jọ́ náà. Kó má rí ẹran yìí jẹ nígbà mìíràn.

Ẹ wá ibi tí yóò ti máa rí ènìyàn lókèèrè tí ara rẹ̀ ò ní le. Fún ajá kan, mítà 10 ti tó. Fún òmíràn, 50 ni. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá pa ẹnu dé lójijì, tó ń fi ahọ́n lá imú, tó ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún, tàbí tí funfun ẹyinjú rẹ̀ ń hàn bó ṣe ń wẹ̀gbẹ́, ẹ ti sún mọ́ jù. Bó bá ń já ẹran gbà débi pé eyín ń kan ìka yín, ẹ sún sẹ́yìn. Bí kò bá tilẹ̀ jẹ ẹ́ mọ́, ẹ ti kọjá ààlà tipẹ́.

Ètò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì. Ajá rí ẹni náà. Ẹ ka “ení” nínú. Ẹran. Kó máa jẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ẹni náà á fi wọ kọ̀rọ̀. Bó bá ti wọ̀ ọ́, ẹran tán nìyẹn. Bí ẹ bá ti ki ọwọ́ bọ àpò kí àlejò tó yọ, ẹran ló di àmì àlejò, ìró ọ̀rá lásán á sì máa mú ajá wò yíká. Ẹ má ní kó jókòó kó tó jẹ. Bó bá tilẹ̀ gbó, ẹ fún un, kí ẹ wá fà sẹ́yìn. Ẹ̀rù kì í ṣe ìwà tí oúnjẹ lè mú kó le sí i.

Ìṣẹ́jú 5 tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ óò mọ̀ pé ó ń wọlé nígbà tí ajá bá rí àlejò, tó sì yí orí sí yín, etí rẹ̀ rọ̀, tó ń wo ọwọ́ yín. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ fi mítà kan tàbí méjì sún mọ́ àlejò náà. Ẹ má yí nǹkan méjì padà pọ̀: ẹni tó bá ń sáré tàbí tó dé fìlà, ẹ tún padà sókèèrè fún un.

Bó bá jẹ́ ìró aago ẹnu ọ̀nà ló ń bà á lẹ́rù, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kó dún ní ohùn kékeré, ẹran tẹ̀lé e.

Láàárín èyí, ẹ ta kọ́tìnì, ẹ gba ọ̀nà tí èrò ò pọ̀. Ọjọ́ tí àrá bá sán, tàbí tí àlejò ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀rù máa ń gorí ẹ̀rù.

Ẹ má jẹ́ kí àlejò fúnra rẹ̀ na ẹran sí i. Ọ̀nà ọ̀fun á fà á dé iwájú onítọ̀hún; ẹran á tán, ó gbójú sókè, ó bá ara rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n ẹni tó ń bẹ̀rù. Ibẹ̀ ló ti ń buni jẹ. Ajá tó bá ti bu ènìyàn jẹ rí, ẹ wá ẹni tó mọ ìwà ajá dunjú, kí ẹ sì kọ́ ajá náà láti máa wọ apẹ̀rẹ̀ ẹnu tí kì í jẹ́ kó buni jẹ, irú èyí tí ẹran ṣì lè gba ihò rẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí gbogbo rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ ṣì máa fi ẹyọ kan tàbí méjì sápò.