Bí A Ṣe Ń Gba Káàdì Ìwọkọ̀ Olóṣù Kan ní London

Ẹni tó bá ti ń fi káàdì Cowry wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀yìngbò lọ sí Agége ti mọ ìdajì ohun tó ń dúró dè é ní London, nítorí pé bí a ṣe ń fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí a bá ń wọlé, tí a sì tún ń fi í kàn án nígbà tí a bá ń jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wọn. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ó fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń wọlé nìkan. Ìdajì yòókù ni Èkó kò kọ́ wa: owó ni à ń kó sínú Cowry, ṣùgbọ́n káàdì Oyster ti London lè gba owó, ó sì tún lè gba Travelcard olóṣù kan, tí ẹni tó bá ti san owó rẹ̀ lè fi wọ ọkọ̀ ní iye ìgbà tó bá wù ú.

Sóònù, ìyẹn àwọn agbègbè tí wọ́n pín ìlú sí láti fi ṣírò owó ọkọ̀, ni ó yẹ kó kọ́kọ́ yé yín. Sóònù 1 ni àárín gbùngbùn ìlú, wọ́n sì ń kà á jáde títí dé 9. Àwọn sóònù tí ẹ bá yàn, pàápàá bí 1 bá wà nínú wọn, ni yóò pinnu iye tí ẹ ó san. Ẹni tó ń gbé ní Woolwich, ní sóònù 4, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní sóònù 3, kò ní ìdí láti ra 1 sí 4, kódà bí ẹ̀gbọ́n tó gbà á sílé bá sọ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń rà. Travelcard èyíkéyìí ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo bọ́ọ̀sì London, láìka sóònù sí. Bí ẹ kò bá ní í wọ ọkọ̀ ojú irin rárá, ti bọ́ọ̀sì nìkan wà, kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ní tèmi, kí ẹ má kánjú ra ti oṣù. Ẹ kọ́kọ́ fi owó lásán sínú Oyster, nítorí pé iye kan wà lójúmọ́, òmíràn sì wà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, tí owó tí wọ́n ń yọ kò ní kọjá. Ẹni tó ń jáde ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ yóò pàdánù bó bá ra ti oṣù, ṣùgbọ́n yóò jèrè bí owó tí wọ́n ń yọ bá ń dé iye ti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí pé owó Travelcard oṣù kan kò tó ìlọ́po mẹ́rin ti ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ lè rà á lójú ẹ̀rọ ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tí àmì Oyster wà lára rẹ̀. Kò pọn dandan kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù. Káàdì báńkì kò lè gba Travelcard, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò sì gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti ọdún 2014. Ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè dá Travelcard náà padà sórí káàdì mìíràn bó bá sọnù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pé ọmọ ọdún 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ilé ẹ̀kọ́ wọn wà nínú ètò ẹ̀dínwó akẹ́kọ̀ọ́, lè gba Oyster tó ní àwòrán wọn, tí ó ń dín 30% kúrò lára owó Travelcard. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì ní àwòrán ojú àti owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ máa fi pọ́n-ùn díẹ̀ sínú Oyster kan náà, torí pé lára rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ owó ìyókù ní ọjọ́ tí ẹ bá rìn kọjá sóònù tí ẹ rà.