Itan adìẹ nínú bọ́tà aláàyù, pẹ̀lú efinrin ẹ̀yìnkùlé

Omi ni ọ̀tá adìẹ yìí. Ẹ jẹ́ kí n ti ìyẹn síwájú kí n tó dé orí bọ́tà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bà á jẹ́. Àwa l'Ékìtì, a máa ń bọ adìẹ ná kí a tó dín in. Èyí kò fẹ́ bíbọ̀ rárá. Inú páànù ni yóò ti jinná láti tútù, bí awọ rẹ̀ bá sì lómi, ṣe ni yóò máa hó dípò kó pọ́n.

Itan 4, tòun ti awọ àti eegun, ni mo máa ń rà l'Ọ́jà Ọba níhìn-ín l'Ádó. Adìẹ àgíríìkì tí wọ́n ń sìn fún ẹran ni kí ẹ bèèrè. Adìẹ ìbílẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́, àmọ́ ọbẹ̀ ló yẹ ẹ́. Á le kankan nínú páànù. Ti ẹlẹ́yin tó ti dàgbà náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu itan náà títí aṣọ ò fi ní tutù mọ́. Ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tún un nù lẹ́ẹ̀kan sí i, torí iyọ̀ á ti fa omi mìíràn jáde.

Páànù tí ìdí rẹ̀ nípọn ni kí ẹ lò. Òróró ṣíbí 2 péré. Bó bá ti gbóná dáadáa, ẹ dojú awọ dé e, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má yí i wò. Á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ìdí páànù. Bí awọ bá ti pọ́n, bí ìṣẹ́jú 8 sí 10 lórí iná tí kò le jù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bó bá ṣì ń di páànù mú, kò tíì yá. Ẹ wá yí i, ẹ dín iná kù, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú bíi 15. Ẹ gún un lẹ́bàá eegun: omi tó bá jáde kò gbọdọ̀ pọ́n mọ́. Ẹni tó ní ìwọ̀n ooru, 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kó wò fún.

Ẹ kó adìẹ sórí àwo. Ẹ da òróró nù, kó ku bíi ṣíbí kan.

Ibi tó ti dùn mí jù rèé. Lọ́jọ́ tí àbúrò ọkọ mi wá kí wa láti Ìkẹ́rẹ́, ááyù ni mo kọ́kọ́ dà sínú òróró gbígbóná, mo sì kó adìẹ lé e lórí. Ó jóná, gbogbo rẹ̀ sì korò. Obìnrin yẹn jẹ ẹ́ tán láìsọ nǹkan kan, mi ò sì lè gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni ááyù ń wá, òun àti bọ́tà, torí wàrà inú bọ́tà náà tètè ń jó.

Ẹ rẹ iná wálẹ̀. Bọ́tà ṣíbí 3, èyí tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe. Èyí tí wọ́n fi òróró ṣe, tí a tún ń pè ní bọ́tà, kò ní ta sánsán bẹ́ẹ̀. Ẹyọ ááyù 6, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ má gún un. Ìṣẹ́jú kan ti tó. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ṣíbí onígi ha ohun pupa tó lẹ̀ mọ́ ìdí páànù. Adùn ọbẹ̀ yìí wà níbẹ̀.

Àwọn òyìnbó ń fi pásílì àti táìmù sí i. Ẹ̀yìn ilé mi ni mo ti ń já efinrin. Thymol tó ń mú táìmù ta sánsán wà nínú ọ̀pọ̀ efinrin ilẹ̀ wa náà, nítorí náà wọn kò jìnnà síra. Ewé 7 tàbí 8, ẹ rẹ́ ẹ, ẹ má sì dà á sí i àyàfi tí ẹ bá ti pa iná. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ ìdajì sí i, ẹ dá adìẹ padà, kí ẹ máa bu ọbẹ̀ lé e lórí, àmọ́ kí awọ wà lókè.

Mo mọ̀ pé iyán ni ọkàn yín máa lọ sí. Ọbẹ̀ yìí ṣàn jù fún òkèlè. Isu sísè ló mọ bí a ṣe ń fa bọ́tà mu, kí ẹ sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí bọ́tà kì í pẹ́ dì.