Bẹ́ ẹ ṣe lè fojú ara yín rí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín lára gbòǹgbò àlùbọ́sà, kẹ́ ẹ sì mọ nǹkan tó ń dá a dúró

Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín kì í ṣe nǹkan téèyàn kàn ń há sórí nítorí ìdánwò, ó ṣeé fojú rí. Àlùbọ́sà kan, ife omi, kẹ́míkà díẹ̀ àti máíkírósíkóòpù tó lè sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 400, ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ni pé tí wọ́n bá ti rí krómósómù (àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé DNA, ìyẹn ìsọfúnni àjogúnbá) báyìí, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀, ó tán, wọn ò ní ka nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ inú kíkà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà o, torí iye sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ bá rí ní ìpele kọ̀ọ̀kan ló máa sọ fún yín bí ìpele yẹn ṣe ń pẹ́ tó, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń dúró kó tó tẹ̀ síwájú, àti ibi tó ti ń sáré kọjá.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí àlùbọ́sà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha gbogbo gbòǹgbò gbígbẹ tó wà nídìí ẹ̀ kúrò, àmọ́ ẹ má gé ìdí ọ̀hún fúnra ẹ̀ o, ibẹ̀ ni tuntun ti máa yọ. Ẹ gbé e lé ẹnu ife kí ìdí ẹ̀ ṣáà kan omi, ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, láàárín ọjọ́ 2 sí 4 gbòǹgbò funfun á ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2. Tí kò bá yọ rárá, ẹ mú òmíì jàre. Àwọn àgbẹ̀ kan máa ń fín kẹ́míkà tó ń jẹ́ maleic hydrazide sí àlùbọ́sà nígbà tó ṣì wà lóko kó má bàa hù níbi tí wọ́n bá kó o pamọ́ sí, iṣẹ́ tí kẹ́míkà yẹn sì ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pín, nǹkan tá à ń wá gan-an ló ti dá dúró yẹn.

Ṣóńṣó gbòǹgbò la fẹ́, torí ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pín, láàárín mílímítà 1 sí 2 àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá ti gòkè ju ibẹ̀ lọ, gígùn lásán làwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń gùn, wọn ò pín mọ́. Nǹkan míì tó jẹ́ kí àlùbọ́sà dáa ni pé krómósómù 16 péré ló ní, wọ́n sì tóbi, ti èèyàn jẹ́ 46, wọ́n sì kéré gan-an.

Ẹ gé ṣóńṣó yẹn, ẹ sọ ọ́ sínú àdàlù ethanol ìdá 3 àti acetic acid tí wọn ò bomi là ìdá 1. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó ni kẹ́ ẹ pò ó, èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti wọ inú ẹ̀ kú nìyẹn, ibi tó sì bá iṣẹ́ dé ló máa dúró sí, èyí tí krómósómù ẹ̀ ń ya lọ́wọ́ á dúró lórí yíya, èyí tó ń to tiẹ̀ lọ́wọ́ á dúró lórí títò. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀ di ọjọ́ míì, ẹ gbé e sínú ethanol 70% nínú fíríìjì.

Lẹ́yìn náà ló kan hydrochloric acid 1 M (1 M yẹn ń sọ bó ṣe lágbára tó) tó gbóná tó 60°C, ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ohun tó lẹ sẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn ni ásíìdì yìí ń tú, tó bá kéré jù sẹ́ẹ̀lì á gun ara wọn lórí, tó bá pọ̀ jù gbòǹgbò á jẹrà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò tó ń dáàbò bo ojú, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tanná nítòsí ethanol, tẹ́ ẹ bá sì ń bomi la ásíìdì, ásíìdì lẹ máa dà sínú omi, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi sínú ásíìdì láéláé. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ dá èyí ṣe.

Ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò yẹn dáadáa, ẹ gbé e sórí slide (gíláàsì pẹlẹbẹ), ẹ fi abẹ gé mílímítà 1 tàbí 2 tó gbẹ̀yìn lápá ṣóńṣó, ẹ fìyẹn sílẹ̀, ẹ da ìyókù nù. Ẹ kán aró acetocarmine tàbí aceto-orcein lé e, ẹ fún un ní bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ máa fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ wá gbé coverslip (gíláàsì kékeré tó tín-ín-rín) lé e, ẹ ká bébà lé ìyẹn lórí, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ gbọọrọ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má yí ọwọ́ o! Tọ́wọ́ bá ti yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo krómósómù á ti lọ́ mọ́ra wọn.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìlọ́po 100 wá ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti rí bíi páálí onígun mẹ́rin, tí àárín ẹ̀ dúdú tó sì tóbi. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ti gòkè jù nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ibi tó dáa, ẹ lọ sí 400.

Èyí tí àárín ẹ̀ kàn rí roboto láìsí okùn kankan níbẹ̀, ìyẹn ni interphase, àwọn ló máa pọ̀ jù. Prophase ni ibi tí krómósómù ti ń di okùn tẹ́ ẹ lè rí. Ní metaphase wọ́n ti tò sórí ìlà kan láàárín, ní anaphase wọ́n ti ya sí ọ̀nà méjì, apá wọn á máa wọ́ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Telophase ni ìgbà tí ọ̀tún ti di tọ̀tún tí òsì ti di tòsì, ẹ sì máa rí ògiri tuntun tó ń dìde láàárín wọn. Ògiri yẹn, ewéko ló ni ín, sẹ́ẹ̀lì ẹranko kì í mọ ògiri, ńṣe ló ń fún ara ẹ̀ láàárín títí á fi já sí méjì. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Walther Flemming, ló ya gbogbo ìpele yìí sílẹ̀ kedere nínú ìwé tó gbé jáde ní 1882, ara salamander, ẹranko kan tó jọ alángbá, ló ti rí tiẹ̀, kò sì sí fọ́tò, ọwọ́ ló fi yà á.

Ó wá kan kíkà. Ẹ ka ó kéré tán sẹ́ẹ̀lì 500 láti oríṣiríṣi apá slide, ẹ kọ iye tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: ká ní 460 wà ní interphase, 20 ní prophase, 8 ní metaphase, 4 ní anaphase, 8 ní telophase. 40 ló ń pín nínú 500, ìyẹn 8%, òun ni wọ́n ń pè ní mitotic index. Tẹ́ ẹ bá wá gbà pé gbogbo ìyípo látìgbà tí wọ́n bí sẹ́ẹ̀lì títí tóun náà á fi bímọ jẹ́ wákàtí 20, ẹ fi 8% ṣe ìdá ẹ̀, ẹ máa rí nǹkan bí ìṣẹ́jú 96 fún pípín látòkè délẹ̀. Anaphase jẹ́ 4 nínú 500, kò tó ìṣẹ́jú 10! Prophase nìkan sì gba 48. Ìṣirò yìí ò pé géérégé o, torí sẹ́ẹ̀lì kan tó bá pín ti di méjì, àwọn ọmọ tuntun á máa pọ̀ díẹ̀ ju àgbà lọ, àmọ́ ó súnmọ́ òótọ́ dáadáa.

Ẹ wo interphase yẹn, 460 nínú 500. Àwọn èèyàn àtijọ́ rò pé ó ń sinmi ni. Ara gbòǹgbò ẹ̀wà kan tó ń jẹ́ Vicia faba ni Alma Howard àti Stephen Pelc ti já irọ́ yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n jẹ́ kí gbòǹgbò yẹn fa phosphorus onítànṣán mu, wọ́n wá rí i pé àkókò kan pàtó láàárín interphase ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ẹ̀dà DNA ẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá ń pín. Àkókò yẹn ni S, èyí tó ṣáájú ẹ̀ ni G1, èyí tó tẹ̀ lé e ni G2. Sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí wọ́n ń tọ́ nínú láàbù tó ń fi bíi wákàtí 24 yí po, G1 ẹ̀ máa ń tó wákàtí 11, S tó 8, G2 tó 4, pípín fúnra ẹ̀ ò ju bíi wákàtí 1 lọ.

Ta ló wá ń sọ fún un pé ó yá? Púrótéènì kan wà tó ń jẹ́ CDK, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti ta àwọn púrótéènì míì jí, àmọ́ òun nìkan ò lè ṣe nǹkan kan àfi tí cyclin bá so mọ́ ọn. Cyclin yìí á máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá ti kún tó, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀, tí iṣẹ́ bá ti débì kan sẹ́ẹ̀lì á fọ́ cyclin yẹn wẹ́wẹ́, ó di ìgbà míì. Tim Hunt ló rí cyclin ní 1982 nínú ẹyin sea urchin, ẹranko inú òkun kan. Leland Hartwell àti Paul Nurse ń fi yeast (ìwúkàrà) wá àwọn jíìnì tó ń darí pípín sẹ́ẹ̀lì, nígbà tó sì di 1987 àwọn Nurse rí jíìnì CDK ti èèyàn tó lè ṣiṣẹ́ nínú yeast, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rò ó wò, èèyàn àti yeast ń lo ohun kan náà! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel 2001.

Yàtọ̀ síyẹn, checkpoint, ìyẹn ibi àyẹ̀wò, wà lójú ọ̀nà. Kó tó kúrò ní G1, sẹ́ẹ̀lì á wò ó bóyá òun tóbi tó, bóyá oúnjẹ wà, bóyá ara ń bèèrè sẹ́ẹ̀lì tuntun, bóyá DNA ò bà jẹ́. Tí DNA bá bà jẹ́, púrótéènì kan tó ń jẹ́ p53 á dìde, á ní kí wọ́n ṣe púrótéènì míì tó ń jẹ́ p21, p21 á sì di CDK mú kí iṣẹ́ dúró títí wọ́n á fi tún un ṣe, tí kò bá ṣeé tún ṣe sẹ́ẹ̀lì á pa ara ẹ̀. Bíi ìlàjì àrùn jẹjẹrẹ èèyàn ni p53 ti bà jẹ́ nínú ẹ̀. Checkpoint míì tún wà ní ìparí G2, ìyẹn ń wò bóyá ẹ̀dà DNA ti pé.

Èyí tẹ́ ẹ lè rí ipa ẹ̀ lórí slide yín ni ti metaphase. Krómósómù kan ṣoṣo tí okùn tó ń fà wọ́n ò tíì dì mú dáadáa ti tó láti dá gbogbo sẹ́ẹ̀lì dúró. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ti so ni púrótéènì kan tó ń jẹ́ APC/C á mú kí wọ́n fọ́ securin, ìyẹn púrótéènì tó di separase mú, separase á wá bọ́ lómìnira, á gé cohesin tó so ẹ̀dà méjèèjì krómósómù kọ̀ọ̀kan mọ́ra bí ìbejì, gbogbo wọn á sì ya lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí anaphase fi kéré lójú yín, tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, kò sí ìdúró mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ bu àwọn gbòǹgbò tó ṣì wà láàyè sínú omi yìnyín fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó fi ethanol pa wọ́n, bí àwọn tó ń ka krómósómù wheat ṣe máa ń ṣe. Òtútù ń tú àwọn okùn tó ń fa krómósómù yẹn. Ẹ ṣe slide méjì, ti yìnyín àti ti omi lásán, ẹ ka méjèèjì, ẹ wo bóyá àwọn tó há sí metaphase pọ̀ sí i, tí anaphase sì dín kù. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ colchicine ń ṣe iṣẹ́ yìí lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n májèlé gidi ni, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó wà ní láàbù.

Tí sẹ́ẹ̀lì yín bá gun ara wọn, ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún ti ásíìdì. Tí àwọ̀ bá ṣá, ẹ fi kún àkókò aró. Tí kò bá sí ẹyọ kan tó ń pín, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti sọ ṣóńṣó nù kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìyókù, ẹ gé òmíì. Èyí tó bá sì dáa, ẹ fi àwọ̀ èékánná kùn etí coverslip yí po kó má bàa gbẹ kẹ́ ẹ tó kà á tán.