Bí a ṣe ń fi eré ìta gbangba mú èrò nífẹ̀ẹ́ sí físíìsì

Ohun tó ń ba irú àṣefihàn yìí jẹ́ jù ni kí ẹni tó ń ṣe é ti ṣàlàyé tán kó tó ṣe é. Bí èrò bá ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ, kí ni wọ́n tún dúró wò? Ẹ kọ́kọ́ gbé ohun èlò yín sókè kí wọ́n rí i. Ẹ bi wọ́n pé kí ló máa ṣẹlẹ̀, ẹ fún wọn ní èsì méjì tàbí mẹ́ta, kí kálukú nawọ́ sí èyí tó gbà gbọ́. Ẹni tó bá ti nawọ́ kò ní í fẹ́ kúrò níbẹ̀ títí yóò fi mọ̀ bóyá òun gbà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe é. Àlàyé ló kẹ́yìn, kó má sì ju gbólóhùn mẹ́rin lọ.

Agolo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ariwo rẹ̀ ló ń pe àwọn tó ń kọjá lọ. Ẹ wá òfìfo agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò bíi mẹ́wàá, alumíníọ̀mù ni kó jẹ́. Agolo irin le jù. Ẹ tún wá sítóòfù kékeré, ẹ̀mú gígùn, awò tó ń dáàbò bo ojú, àti abọ́ fífẹ̀ tí omi tútù inú rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ bu omi ṣíbí ìjẹun kan, bíi mìlílítà 15, sínú agolo, ẹ gbé e kaná. Bí oru bá ti ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹ tún fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá fi ẹ̀mú mú un nísàlẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ yín kọjú sókè, kó lè jẹ́ pé ẹ ò ní í yí ọwọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ẹ ó fi dojú rẹ̀ bo omi tútù. Gbàù! Ó ti rún.

Ọ̀pọ̀ á sọ pé nǹkan kan nínú agolo ló fà á mọ́ra. Ẹ má gbà fún wọn. Ìta ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Oru ti lé afẹ́fẹ́ inú agolo jáde, oru yìí sì ń gba àyè tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600 ti omi tó ti wá. Bó ṣe kan omi tútù, ó padà di omi, inú agolo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹnu rẹ̀ kéré jù kí omi abọ́ tètè rọ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń fi ìwúwo bíi kìlógíráàmù 1 tẹ gbogbo sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóròó, ara agolo sì ju 200 irú rẹ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fúnra wọn.

Bí agolo bá kàn tẹ̀ díẹ̀, ẹ kánjú ni, afẹ́fẹ́ ṣì kù nínú rẹ̀. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ń rùn, omi ti gbẹ: ẹ pa iná, ẹ mú òmíràn. Bí omi inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, kò ní í tètè hó, èrò á sì tú ká. Lẹ́yìn agolo márùn-ún, ẹ fọwọ́ kan omi abọ́; bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn gíga, kẹ́ẹ̀gì tó ń fì ló ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Ẹ fi òkùn mítà 3 tí kì í nà so kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí omi kún dẹ́nu rọ̀ (bí kò bá kún, omi á máa mì nínú rẹ̀), kí ìkọ́ rẹ̀ jìn sí ògiri tó mítà kan àbọ̀, kí ẹ sì ti dán ìkọ́ náà wò pẹ̀lú ìlọ́po 10 ìwúwo rẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn àti orí ti ògiri, ẹ fà á wá kan àgbọ̀n yín, kí òkùn le gbọnyin, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Yóò padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àbọ̀, kò sì ní í kàn yín, nítorí kò lè ga ju ibi tó ti gbéra lọ. Ẹni tó bá tì í, tàbí tó bá na orí síwájú, ló máa gba tirẹ̀. Ẹ má fi ọmọdé ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sójú ọ̀nà rẹ̀.

Mágínẹ́ẹ̀tì kò ní wàhálà. Ẹ wá páìpù bàbà mítà 1 tí ara rẹ̀ nípọn, àti mágínẹ́ẹ̀tì neodymium (irú tó lágbára gan-an) rìbìtì tó fi díẹ̀ kéré sí ihò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé bàbà kò fa mágínẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ ju irin lásán sínú páìpù: kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó fi bọ́ sísàlẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń rì sínú oyin, torí bó ṣe ń lọ ló ń dá iná mànàmáná sílẹ̀ lára bàbà, iná yẹn sì ń ta kò ó. Bó bá yára jù, àlàfo àárín wọn ti fẹ̀ jù. Ẹ fi páìpù náà lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n yọjú wò ó láti òkè, ṣùgbọ́n ẹ ka mágínẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó kó ẹrù: ọmọ tó bá gbé méjì mì, inú ìfun rẹ̀ ni wọ́n á ti lẹ̀ mọ́ra.